Ta Ló Fọ́ Iná Etí Odò Ogunu?

Iná tí wọ́n fọ́ náà mọ́ jù.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Yéjídé Láwàl dúró lórí àkàbà, ó fi ìka nu pátákó tó ń gba oòrùn lẹ́yìn iná náà. Pátákó ti là, gíláàsì iwájú ti fọ́ dànù, síbẹ̀ ìka rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó di òpó mú láti sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, gíláàsì ń run wómúwómú lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ tó fi di òpó mú. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì ń yọ̀.

"Báwo ni òpó ṣe lè dọ̀tí tó báyìí, kí iná orí rẹ̀ mọ́?"

Kọ́pọ́rà Onoriode tó bá a di àkàbà mú wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Madam, na light dem break, no be pole."

Ọ̀nà ẹsẹ̀ tuntun ni wọ́n dúró sí, ọ̀nà tó gba etí odò ní Ogunu, láti ọjà títí dé èbúté àwọn apẹja Ìlàjẹ, kí gbogbo ènìyàn lè máa rìn níbẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù ọkọ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣe é kò tíì yan irú iná tí wọn yóò fi sí i. Wọ́n ní kí agbaṣẹ́ṣe méjì kọ́kọ́ dán tiwọn wò. Bọ́ládé Akínyẹlé gbé iná sólà sí apá èbúté. Abdulhameed fa iná wáyà sí apá ọjà. Ẹni tí iná rẹ̀ bá dára jù ní owó tó mọ níwọ̀n ni yóò gba gbogbo iṣẹ́ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, Mercy, ọmọbìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì èbúté, ń bọ̀ nílé. Ní kọ́nà tó wà lẹ́bàá ilé ìyanja, ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ibi gbogbo ṣú dùdù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tàsé afárá pákó. Àwọn apẹja ló gbé òkú rẹ̀ jáde nínú odò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí i pé iná mẹ́ta tó wà ní kọ́nà náà ti fọ́. Kí oòrùn tó mú, àwọn ọlọ́pàá ti mú Zachariah, apẹja tó ti dìde nínú ìpàdé tó ní bí wọ́n bá gbé iná sí èbúté, òun á fọ́ ọ.

Lánàá nìyẹn. Lọ́la ni wọn yóò gbé e lọ sí kóòtù, ẹ̀sùn ikú Mercy yóò sì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, ìgbà wo lẹ máa jẹ́ kí n kó àwọn iná mi?" Bọ́ládé ló béèrè. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. "Ẹni tó bà wọ́n jẹ́ ṣáà ti wà lọ́wọ́ yín."

"Ìgbà wo lẹ gbé wọn sórí òpó?"

"Nígbà ọyẹ́. Láti ìgbà náà, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Ohun tó dùn nínú sólà nìyẹn."

"Kò sẹ́ni tó ń gun òkè lọ nù wọ́n?"

"Òjò ń nù wọ́n, mà."

Ẹnjinníà Adédèjì, alága ìgbìmọ̀, gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Èkó ni ilé iṣẹ́ epo ti gbé e wá sí Warri, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó síwájú rẹ̀. "Ẹ wò ó, owó ará ìlú ni, a gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ ná. Tí wáyà bá dára, àwọn olè á gé e. Tí wọn ò bá gé e, iná ò sí. Sólà ò ní bíìlì. Ti Bọ́ládé tún rọrùn jù: pátákó, bátìrì, gílóòbù, gbogbo ẹ̀ wà pọ̀ nínú àpótí kan ṣoṣo. Àná ló yẹ ká wá yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, ká fọwọ́ sí i."

"Ẹ béèrè iye tó jẹ́," ni Yéjídé wí.

"Dájúdájú."

"Ẹ béèrè iye ọdún tí bátìrì máa lò."

"A béèrè ohun gbogbo, Ìnsípẹ́kítọ̀."

Yéjídé tún wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú.

*

Zachariah jókòó sílẹ̀ nínú àtìmọ́lé, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ sọ pé ẹ ó fọ́ iná?"

"Mo sọ ọ́. Mo tún lè sọ ọ́ báyìí."

"Ẹ rọra o, àgọ́ ọlọ́pàá la wà."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ibo ni wọ́n tún fẹ́ mú mi lọ? Gbọ́, ọmọ mi. Iná tó bá kọjú sí omi ń da iṣẹ́ wa rú. Edé ò ní dúró. Àwọn ọ̀mọ̀wé yín gbé e kalẹ̀ láìbi wá léèrè. Tí mo bá fẹ́ dẹ àwọ̀n, mo máa ń fi apẹ̀rẹ̀ bo ti èbúté. Tí mo bá dé, mo máa ṣí i. Ta ló ń fi apẹ̀rẹ̀ bo ohun tó fẹ́ fọ́?"

"Ti kọ́nà ńkọ́?"

"Ti kọ́nà ò kọjú sí omi. Ilé ìyanja ìyàwó mi ló kọjú sí. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ wà lára àwọn tó gbé Mercy."

Ojú Zachariah rẹ̀wẹ̀sì. "A gbọ́ igbe. Mo fò jáde nínú ọkọ̀. Ó ṣókùnkùn, à ń fọwọ́ tálẹ̀. Ìdí òpó kọ́nà yẹn náà la tẹ́ ẹ sí, a ń pe orúkọ rẹ̀."

"Bàtà wo lẹ wọ̀?"

"Bàtà kẹ̀? Nínú ọkọ̀ ojú omi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí àtẹ́lẹsẹ̀ yín."

Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì jáde. Àtẹ́lẹsẹ̀ náà le, ó sán níbi gìgísẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀. Yéjídé rán Onoriode lọ sí èbúté kó lọ wo ẹsẹ̀ àwọn yòókù tí wọ́n jọ gbé òkú. Nígbà tó padà dé, ó ń mi orí.

"Nobody get wound. Dem say na me be the first police wey dey inspect leg."

"Èmi àti Onoriode rí gíláàsì níbẹ̀ láàárọ̀ yìí," ni Yéjídé sọ fún ọ̀gá àgọ́ nígbà tó wọ ọ́fíìsì rẹ̀. "Ó bo ilẹ̀. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí rìn káàkiri ibẹ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ lásán. Gíláàsì ò gún ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí wọ́n gbé òkú, iná ò tíì fọ́, sà."

"Kí ló wá fa òkùnkùn?"

"Ohun tí mò ń wá nìyẹn. Iná ti kú kí Mercy tó kú. Ta ló wá padà wá fọ́ iná tó ti kú?"

Ọ̀gá náà nu gíláàsì ojú rẹ̀. "Láwàl, ẹsẹ̀ apẹja le ju táyà lọ. Mi ò lè gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lọ síwájú adájọ́. Gbogbo ìlú gbọ́ nígbà tó ń halẹ̀. Àfi tí o bá mú ẹlòmíràn wá, mọ́tò á gbé e láàárọ̀ ọ̀la."

*

Ẹlòmíràn tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni Abdulhameed. Tí iná Bọ́ládé bá bàjẹ́, ta ni yóò jèrè? Ó bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Jeddo, láàárín ìdì wáyà tó ga ju orí rẹ̀ lọ.

"Àǹtí ọlọ́pàá! Ọmọ Láwàl ni yín, ọmọ tiwa. Ẹ jókòó. Ṣé kí wọ́n ra mínírà?"

"Ọmọ tiwa náà máa ń béèrè ìbéèrè. Níbo lẹ wà nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ń mọ́?"

"Asaba. Mo sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ pè é, ó máa fi ẹjọ́ mi sùn yín pé mo jẹ gbogbo ẹran ọbẹ̀." Ó rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó sì fi àwàdà sílẹ̀. "Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fọ́ iná Bọ́ládé fún? Iná náà ti ń kú fúnra rẹ̀!"

"Báwo?"

"Àwọn mẹ́ta tó wà ní kọ́nà. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á tàn díẹ̀, wọ́n á di pupa, wọ́n á kú. Mo máa ń kọjá níbẹ̀, inú mi á máa dùn. Mo ní ó ku ọjọ́ díẹ̀, alága máa fojú ara rẹ̀ rí i."

"Ó rí i?"

"Àràmàǹdà ibẹ̀ nìyẹn! Tí alága bá ń bọ̀ wá yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n á mọ́lẹ̀ kedere. Tó bá lọ, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á tún máa kú. Iná yẹn mọ àlejò, Àǹtí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ gbàwẹ̀ nítorí rẹ̀."

Yéjídé pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Asaba. Ẹ̀gbọ́n náà fi ẹjọ́ ẹran sùn.

*

Ilé ìyanja wà lẹ́yìn kọ́nà gan-an: páànù lókè, dírọ́ọ̀mù tí wọ́n gé sí méjì nísàlẹ̀, igi àbàtà ń jó lábẹ́ wọn. Òróró ẹja ń kán sínú iná, èéfín ń rú. Afẹ́fẹ́ odò gbá a mú, ó sì gbé e lọ tààrà sórí ọ̀nà.

Yéjídé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ewé rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Ó fọwọ́ kàn án: ohun kan náà tó wà lára òpó. Òjò ọjọ́ Àìkú ti rọ̀ sórí ewé náà, ó ti rọ̀ sórí òpó, kò sì ṣí nǹkan kan kúrò. Omi kì í fọ òróró.

Ó wo òkè, síbi tí iná mẹ́ta tó mọ́ wà láàárín ohun gbogbo tó dúdú.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ìyádùnní, ìyàwó Zachariah, ń yí ẹja padà lórí wáyà. Kò gbójú sókè. Àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ tẹrí ba sórí ẹja wọn.

"Iná tó bá ti wà lórí òpó yẹn láti ìgbà ọyẹ́, báwo ló ṣe yẹ kó rí?"

"Ẹja là ń yan. A ò mọ̀ nípa iná."

"Ṣé ẹnì kan ń wá pààrọ̀ wọn?"

Obìnrin kan wúkọ́. Ìyádùnní yí ẹja tó ti yí tẹ́lẹ̀.

"Màmá, ọkọ yín ń lọ sí kóòtù lọ́la."

"Ọlọ́run mọ̀ pé kò ṣe é. Wọ́n á fi í sílẹ̀."

"Ọlọ́run mọ̀. Adájọ́ ò mọ̀."

Yéjídé ti ń lọ nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyádùnní ló tẹ̀ lé e dé ojú ọ̀nà, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ọwọ́, ó ń wẹ̀yìn bóyá àwọn obìnrin náà ń wò ó. Wọ́n ń wò ó.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè. Tí wọ́n bá gbọ́ pé èéfín ló ń pa iná wọn, èwo ni wọ́n máa kó kúrò níbẹ̀? Ṣé iná ni, àbí àwa?"

Yéjídé wá irọ́ tó dára tí yóò pa fún un. Kò rí i.

"Ìyá ọkọ mi yanja níbí," ni Ìyádùnní wí. "Àwọn obìnrin yẹn, oúnjẹ ẹnu wọn ń bẹ nínú ààrò yẹn. Kì í ṣe èmi nìkan." Ó yí padà, ó wọ inú èéfín lọ.

*

"Gbọ́," ni Yéjídé sọ fún Onoriode nínú mọ́tò. "Iná dúdú ló yẹ ká bá lókè yẹn. Èéfín bo pátákó, oòrùn ò lè wọlé, bátìrì ò kún, iná ń kú. Ṣùgbọ́n tí alága bá ń bọ̀, wọ́n á mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ń gbé èyí tó dọ̀tí lọ, ó ń gbé èyí tó mọ́ wá. Ta ló ní irú iná bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́?"

Onoriode fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ búrẹ́ẹ̀kì. "Bọ́ládé? Man go break him own market?"

"Tí iná tó pé bá wà lórí òpó, a máa béèrè ìdí tí kò fi tàn. Tó bá fọ́, a máa béèrè ẹni tó fọ́ ọ. Ìbéèrè kejì ti ní ìdáhùn nílẹ̀: apẹja kan ti dáhùn rẹ̀ níwájú gbogbo ìpàdé."

Ilé ìkẹ́rù Bọ́ládé wà ní Ugborikoko. Ó ṣí i fún wọn láìjanpata. Páálí iná tuntun kún ibẹ̀ dé òkè. Yéjídé ń wò yíká nígbà tó rí ológbò kan lábẹ́ tábìlì, tó ń lá báàgì ọ̀rá kan tọkàntọkàn. Ó lé e, ó tú báàgì náà. Iná mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn wọn dúdú, wọ́n ń yọ̀. Òórùn ẹja yíyan gba inú yàrá.

"Ẹ kú ọbẹ̀ o," ni Yéjídé wí.

Ẹnu Bọ́ládé gbẹ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ ò tíì gbẹ. "Ti oníbàárà mi kan ní Jeddo ni. Obìnrin kan tó ń din ẹja. Ó ní kí n tún un ṣe."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Mo máa wá nọ́ńbà rẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe Ogunu nìkan ni wọ́n ti ń jẹ ẹja ní Warri. Ẹnikẹ́ni rí mi lórí òpó bí?"

Ó ń wò ó tààrà bó ti ń sọ ọ́. Yéjídé mọ̀ nígbà náà pé ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tí yóò sọ̀rọ̀. Kì í ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni ò rí i.

*

Ní àárọ̀, mọ́tò tí yóò gbé Zachariah lọ ti ń kùn níwájú àgọ́. Ẹnjinníà Adédèjì ti wá, Bọ́ládé dúró tì í gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ba ẹrù rẹ̀ jẹ́. Ọ̀gá àgọ́ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ológbò, ó sì ti sọ pé kò tó.

Wọ́n mú Zachariah jáde. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi géètì, àwọn obìnrin ilé ìyanja dúró gbágbáágbá. Ìyádùnní jáde láàárín wọn. Ọ̀kan dì í láṣọ mú. Ó rọra mú ọwọ́ náà kúrò.

"Ẹ dúró," ló wí. "Mo fẹ́ sọ̀rọ̀."

Bọ́ládé ló kọ́kọ́ mira. "Màmá, ẹ rántí ohun tá a jọ sọ."

Yéjídé yíjú sí i kíá. "Kí lẹ jọ sọ?"

Ìyádùnní ló dáhùn fún un.

"Èéfín wa ń bo iná. Ọkùnrin yìí wá bá wa nígbà tó rí i. Ó ní bí alága bá gbọ́, wọ́n á gbé katakata wá wó wa. Ó ní ká dákẹ́, òun náà á dákẹ́, òun á máa pààrọ̀ rẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ wá wò ó. A dákẹ́." Ó nawọ́ sí Bọ́ládé. "Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ lójú wa. Ó ní àárọ̀ lòun máa gbé èyí tó mọ́ wá, kí èéfín má tún bò ó kí alága tó dé. Òpó lásán ni ọmọ yẹn bá níbẹ̀. Kò sí iná kankan lórí rẹ̀ rárá. Èmi náà mọ̀, mo sì ń yan ẹja mi lọ."

"Mi ò tì í sómi!" ni Bọ́ládé kígbe. "Ìgbà tí mo gbé iná dé láàárọ̀ ni mo tó gbọ́! Tí wọ́n bá bá òpó lásán, wọ́n á ní èmi ni mo—"

"Nítorí náà ẹ gbé wọn kọ́, ẹ sì fọ́ wọn," ni Yéjídé parí rẹ̀ fún un. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú bàbá yìí."

Ọ̀gá àgọ́ fọwọ́ júwe. Wọ́n tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Zachariah, Onoriode sì fi í sọ́wọ́ Bọ́ládé. Àgbà apẹja náà ń fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí kò dá a mọ̀ dáadáa.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Ẹnjinníà Adédèjì ti ń ro nǹkan. "Nítorí náà, kò sí àléébù lára sólà gan-an. Èéfín ni."

"Ẹ lè ya pátákó sọ́tọ̀ kúrò lára iná," ni Yéjídé sọ kíákíá. "Ẹ gbé e sórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, afẹ́fẹ́ kì í gbé èéfín débẹ̀. Wáyà kékeré á so wọ́n pọ̀. Ọwọ́ á lè tó o láti nù ún."

"Ìyẹn máa gbówó lé iṣẹ́ wa." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ó ń ṣírò ni. "Kí wọ́n sún àwọn ààrò yẹn kúrò ò ní ná ìgbìmọ̀ ní nǹkan kan. Màá fi í síwájú wọn lónìí."

Ìyádùnní gbọ́. Gbogbo àwọn obìnrin tó wà ní géètì ló gbọ́.

Zachariah rìn lọ bá wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ ṣé o. Ẹ ṣé tí ẹ wá dúró tì mí."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wò ó títí, lẹ́yìn náà ó sọ pé, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ìyàwó yín ti rà yín padà."

Ó yíjú láti bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ohun tó fi rà á. Ìyádùnní ti ń lọ níwájú, òun nìkan, àwọn obìnrin sì yà fún un kó kọjá.